Ìléru Iná Mànàmáná fún Iṣẹ́ Amọ̀: Bí A Ṣe Ń Ṣírò Rẹ̀ àti Bí A Ṣe Ń Kọ́ Ọ

Nígbà tí Olúwa rán wòlíì Jeremáyà lọ sí ilé amọ̀kòkò, iṣẹ́ orí kẹ̀kẹ́ ni ó bá a lẹ́nu rẹ̀. Ìtàn náà, tí ó wà nínú orí kejìdínlógún ìwé rẹ̀, kò mú wa dé ibi iná. Síbẹ̀, gbogbo ẹni tí ó bá ti fọwọ́ kan amọ̀ rí mọ̀ pé ìkòkò tí kò tíì la iná kọjá kò tíì di ìkòkò. Bí a bá bu omi sí i, yóò padà di ẹrẹ̀.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́jáde ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ̀yin òbí ọ̀wọ́n, ọ̀rọ̀ iná yìí ni mo fẹ́ kí a jọ yẹ̀ wò nínú ìwé ìrántí ọdún yìí. Ọ̀pọ̀ iléèwé ní ilẹ̀ wa ni ó ní iyàrá iṣẹ́ ọnà, tí àwọn ọmọ sì ń mọ ife, àwo àti ère níbẹ̀. Ṣùgbọ́n nítorí pé kò sí ibi tí wọn yóò ti sun ún, amọ̀ gbígbẹ ni iṣẹ́ wọn ń jẹ́ títí yóò fi fọ́ sórí pẹpẹ. Nígbà tí ayẹyẹ bá sún mọ́lé, tí ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́jáde ń wá ẹ̀bùn tí wọn yóò ta iléèwé lọ́rẹ, ẹnìkan a máa dárúkọ ìléru iná mànàmáná. Àbá rere ni. Mo fi ọdún mélòó kan bójútó irú ìléru bẹ́ẹ̀ ní iléèwé ìjọ kan kí n tó wọ ilé ẹ̀kọ́ àlùfáà, ohun kan ṣoṣo ni mo sì fẹ́ kí ẹ mú kúrò nínú ẹ̀kọ́ yìí: ìdí mítà iná iléèwé ni ètò ìléru ti ń bẹ̀rẹ̀, kí a tó ra bíríkì kan. Ẹ jẹ́ kí a tọ̀ ọ́ ní ìpele-ìpele.

OHUN TÍ INÁ Ń ṢE SÍ AMỌ̀

Omi méjì ni ó wà nínú amọ̀. Èkíní ni èyí tí a fi pò ó. Atẹ́gùn a fa èyí tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀, ìyókù a sì hó kúrò nígbà tí ooru bá dé 100 dígírì. (Gbogbo dígírì tí mo bá dárúkọ níhìn-ín, ti òṣùwọ̀n Celsius ni.) Bí ooru bá ń yára gòkè ju bí omi yìí ṣe lè rí ọ̀nà jáde lọ, omi náà yóò di oru gbígbóná nínú amọ̀, ìkòkò yóò sì bẹ́ pẹ̀lú ariwo.

Omi kejì ti di ara amọ̀ fúnra rẹ̀. Nínú kaolin, èyí tí í ṣe amọ̀ funfun irú èyí tí wọ́n ń wà ní Ìjerò-Èkìtì, omi yìí tó bí 14 nínú 100 ìwọ̀n rẹ̀, bí amọ̀ náà tilẹ̀ gbẹ bí egungun. Láàrin 450 sí 600 dígírì ni ó ń já kúrò. Ẹ̀yìn ìyẹn ni amọ̀ kò lè padà di ẹrẹ̀ mọ́.

Ohun kan tún wà láàrin méjèèjì. Ní 573 dígírì, yanrìn inú amọ̀ a wú lójijì. Nígbà tí ìléru bá sì ń tutù, ní ojú ìwọ̀n kan náà ni yóò tún sún kì. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ìkòkò ti ń sán, pàápàá bí ẹni tí ń sun ún bá kánjú. Tí a bá gba ibẹ̀ kọjá ní pẹ̀lẹ́, tí a sì dé 1,000 dígírì, ìkòkò ti di líle, ṣùgbọ́n ó ṣì ń fa omi díẹ̀díẹ̀. Irú èyí ni a lè fi gíléèsì bò, èyíinì ni ìyẹ̀fun òkúta tí yóò yọ́ nínú iná kejì tí yóò sì dán bí dígí lára ìkòkò.

Àwọn ìyá wa tí ń mọ ìkòkò ní Ìpetumodù àti ní Ìlọrin kò fi òṣùwọ̀n kankan mọ èyí, síbẹ̀ wọ́n mọ̀ ọ́n. Ní gbangba ni wọ́n ti ń to ìkòkò jọ, wọn a fi igi àti koríko gbígbẹ bò ó, wọn a sì dáná sí i. Irú iná bẹ́ẹ̀ kì í sábà ju 900 dígírì lọ. Ní àwọn ọdún 1950, Michael Cardew, ará Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, dá ibùdó ìkọ́ṣẹ́ amọ̀ sílẹ̀ ní Abuja àtijọ́ tí à ń pè ní Suleja lónìí, níbi tí Ladi Kwali, ẹni tí àwòrán rẹ̀ wà lẹ́yìn owó ogún náírà, ti di olókìkí. Igi ni wọ́n ń dá sí ìléru ibẹ̀, iná rẹ̀ sì gbóná ju ti gbangba lọ púpọ̀púpọ̀. Ṣùgbọ́n yálà iná gbangba ni o, yálà ìléru onígi ni o, ojú àti ìrírí ọlọ́jọ́ pípẹ́ ni a fi ń darí rẹ̀. Àǹfààní ìléru iná mànàmáná ni pé olùkọ́ tí kò tíì darúgbó lẹ́nu iṣẹ́ náà lè pàṣẹ fún un pé kí ó máa gun 100 dígírì ní wákàtí kan, yóò sì ṣe bẹ́ẹ̀, bí iná tí ń bọ̀ láti ìta bá péye. Ọ̀rọ̀ "bí" yìí ni gbogbo ẹ̀kọ́ náà dá lé.

ÀPÓTÍ NÁÀ ÀTI BÍRÍKÌ RẸ̀

Bí a bá ṣí ìléru iná mànàmáná wò, àpótí ni. Ògiri rẹ̀ jẹ́ bíríkì tí kò jẹ́ kí ooru jáde. Wáyà yí inú rẹ̀ ká. Irin sì dì í mú láti ẹ̀yìn. Bíríkì tí a ń lò kì í ṣe ti ìkọ́lé. Ó fúyẹ́ nítorí pé ihò wẹ́wẹ́ kún inú rẹ̀, afẹ́fẹ́ inú ihò wọ̀nyí ni kò sì jẹ́ kí ooru kọjá. Bíríkì amọ̀ iná tí kò ní ihò bẹ́ẹ̀ lè wúwo ju ìlọ́po mẹ́ta rẹ̀ lọ, yóò sì fi ooru púpọ̀ ṣòfò. Bíríkì fífúyẹ́ tí wọ́n kọ 23 sí lára ń gba ooru dé 1,260 dígírì; èyí tí wọ́n kọ 26 sí ń gbà dé nǹkan bí 1,430. Fún iṣẹ́ iléèwé tí kò ní ju 1,100 lọ, 23 tó.

Ẹ jẹ́ kí a ṣírò ìléru kan tí ó bá iyàrá iṣẹ́ ọnà mu. Bíríkì kan gùn ní 23 sẹ̀ńtímítà, ó fẹ̀ ní 11.4, ó sì ga ní 7.6. Bí a bá dùbúlẹ̀ rẹ̀, tí a to ó ní ìpele 6 yí inú tí ó jẹ́ 40 sẹ̀ńtímítà níbùú àti 40 lóròó ká, gíga inú yóò jẹ́ 45.6 sẹ̀ńtímítà. Àyè tí yóò gba nǹkan bí 73 lítà nìyẹn. Ó lè gba iṣẹ́ kíláàsì kan bí a bá fi pẹpẹ amọ̀ líle pín in sí àjà. Bíríkì 9 ni ìpele kọ̀ọ̀kan yóò gbà, èyí tí àròpọ̀ rẹ̀ jẹ́ 54. Ilẹ̀ rẹ̀ yóò gba 15, ìdérí náà yóò sì gba 15. Bí a bá ka èyí tí yóò fọ́ mọ́ ọn, kí a ra 90.

Ẹ má ṣe fi sìmẹ́ńtì lásán so bíríkì wọ̀nyí pọ̀, nítorí pé kò lè fara da irú ooru yìí. Yóò di ìyẹ̀fun. Títò ni kí a tò wọ́n kí wọ́n fara kanra dáadáa, kí férémù irin tí alurinmọ́rin jó sì fún wọn pọ̀ láti ìta. Láàrin bíríkì àti páànù ìta, kí a fi òwú amọ̀ tí kì í jóná sí i ní 5 sẹ̀ńtímítà. Eruku òwú náà kò dára fún ẹ̀dọ̀fóró rárá, bẹ́ẹ̀ ni ti bíríkì tí a bá ń fi ayùn rẹ́. Nítorí náà, ìbòmú tí ó dára jẹ́ ọ̀ranyàn fún ẹni tí ń ṣe iṣẹ́ yìí, kò sì yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ sún mọ́ ibẹ̀ nígbà náà.

WÁYÀ ÀTI ÌṢIRÒ RẸ̀

Wáyà bàbà tí ń gbé iná wọ ilé wa, a fẹ́ kí iná gba inú rẹ̀ kọjá láìsí ìdíwọ́. Wáyà inú ìléru yàtọ̀: ó ń dí iná lọ́nà, ìdíwọ́ náà ni ó sì ń di ooru, gẹ́gẹ́ bí ó ti rí nínú áyọ́ọ̀nù ìlọṣọ. Irú èyí tí àwọn amọ̀kòkò fẹ́ràn jù ni Kanthal, tí ó jẹ́ irin, chromium àti aluminium. Nígbà tí ó bá kọ́kọ́ gbóná, aluminium inú rẹ̀ a yọ jáde di èèpo tín-ín-rín lára rẹ̀, èèpo yìí a sì dáàbò bò ó kí afẹ́fẹ́ má bàa jẹ ẹ́. Ìdí nìyẹn tí a fi ń kọ́kọ́ tan ìléru tuntun ní òfìfo. Lẹ́yìn èyí, wáyà náà a máa ṣẹ́ bí igi gbígbẹ bí a bá tẹ̀ ẹ́ nígbà tí ó tutù. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe tún un tẹ̀ láìmú un gbóná.

Ìṣirò tí ó kàn yìí, àwọn tí ó ṣe físíìsì nínú wa yóò rántí rẹ̀. Volt ni ipá tí ń ti iná, ampere ni iye iná tí ń ṣàn, ohm ni ìdíwọ́, watt sì ni agbára tí ń di ooru. Volt ní ìlọ́po ampere ni watt. Iná tí ó yẹ kí ó dé ilé wa jẹ́ 230 volt. Ìléru wa yìí yóò gba 25 ampere, agbára rẹ̀ yóò sì jẹ́ 5,750 watt.

A ó pín agbára yìí sí okùn wáyà méjì, 12.5 ampere fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí a bá fi 12.5 pín 230, ìdíwọ́ okùn kọ̀ọ̀kan yóò jẹ́ 18.4 ohm. Kanthal A-1 tí ó nípọn ní mìlímítà 2 ní ìdíwọ́ 0.46 ohm nínú mítà kan. Nítorí náà, okùn kọ̀ọ̀kan yóò gùn ní mítà 40. A ó wé e mọ́ ọ̀pá irin tí ó nípọn ní mìlímítà 12 kí ó lè lọ́ bí sípíríǹgì, yóò sì kúrú sí nǹkan bí mítà 1.8. Lẹ́yìn náà ni a ó nà án títí yóò fi gùn tó mítà 4.8, kí lílọ́ kan má bàa fara kan èkejì.

Kí ni ìdí tí ó fi jẹ́ 4.8? Ìbú inú ìléru ní ìhà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jẹ́ 1.6 mítà. Ìyípo mẹ́ta jẹ́ 4.8. Okùn kan yóò yí ìléru ká lẹ́ẹ̀mẹ́ta, okùn méjì yóò yí i ká lẹ́ẹ̀mẹ́fà, ìpele bíríkì wa sì jẹ́ mẹ́fà. Pòrò kan ni a ó gbẹ́ sí ìpele kọ̀ọ̀kan, bí pòrò àárín ebè lóko, wáyà yóò sì jókòó sínú rẹ̀. Ẹ wo bí iye bíríkì, gígùn wáyà àti agbára iná ti so mọ́ra wọn: ẹni tí ó bá yí ọ̀kan padà gbọ́dọ̀ tún gbogbo rẹ̀ ṣírò. Níbi tí wáyà bá ti gba inú ògiri jáde, kí a ká a po ní méjì kí a sì lọ́ ọ pọ̀ kí ibẹ̀ má bàa gbóná jù. Ìta ni a ó ti so ó mọ́ wáyà bàbà.

BÍ INÁ KÒ BÁ LÁGBÁRA

Gbogbo ìṣirò òkè yìí dúró lórí 230 volt. Ní ọ̀pọ̀ àdúgbò wa, pàápàá ibi tí ó jìnnà sí tiransífọ́mà, iná tí ń dé inú ilé lè lọ sílẹ̀ sí 180 volt nígbà tí gbogbo ènìyàn bá ti ilé iṣẹ́ dé. Ọ̀pọ̀ ènìyàn yóò rò pé bí volt bá dín díẹ̀, ooru náà yóò dín díẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Nígbà tí volt bá lọ sílẹ̀, ampere náà yóò lọ sílẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀, nítorí náà ẹ̀ẹ̀mejì ni àdánù náà. Ní 180 volt, agbára ìléru wa yóò já sí nǹkan bí 3,520 watt, èyí tí ó jẹ́ 61 péré nínú 100. Bí ó bá já sí ìdajì, 115 volt, ìdá mẹ́rin agbára náà ni yóò kù.

Bẹ́ẹ̀ sì ni bí ìléru ṣe ń gbóná sí i ni ooru tí ń gba ara ògiri rẹ̀ jáde ń pọ̀ sí i. Yóò dé ibì kan tí ohun tí ń wọlé àti ohun tí ń jáde yóò dọ́gba. Níbẹ̀ ni yóò dúró sí, bí a tilẹ̀ fi í sílẹ̀ mọ́jú. Yúnìtì yóò máa lọ, amọ̀ kò ní jinná. Mo ti rí ìléru tí wọ́n kó wọ ọgbà iléèwé pẹ̀lú orin àti àdúrà, tí kò sì sun ìkòkò kan yọ, nítorí pé kò sẹ́ni tí ó wọn volt ibẹ̀ ṣáájú. Ìléru náà kò ní àléébù kankan.

Jẹnẹrétọ̀ kékeré tí àwọn ènìyàn ń pè ní "I pass my neighbour" kò lè mú un. Agbára rẹ̀ kò tó ìdá kan nínú márùn-ún ohun tí ìléru yìí fẹ́. Bí iná bá lọ láàrin iṣẹ́, ẹ má ṣe bẹ̀rù. Ìsun àkọ́kọ́ kì í bàjẹ́ nítorí ìyẹn. Kí a má ṣe ṣí ìdérí, kí a pa súìṣì títí iná yóò fi dé tí yóò sì rọlẹ̀, kí a tó máa bá a lọ láti ibi tí ooru rẹ̀ wà.

BÍ A ṢE Ń WỌN OORU

Ìwé Dáníẹ́lì sọ fún wa pé ọba pàṣẹ kí a mú ìléru gbóná ní ìlọ́po méje. Amọ̀kòkò yóò béèrè pé: òṣùwọ̀n wo ni kábíyèsí fi wọ̀n ọ́n? Méjì ni à ń lò lónìí. Èkíní ni ọ̀pá tín-ín-rín tí a kì bọ inú ìléru, tí ń fi iye dígírì hàn lójú ẹ̀rọ. Ẹ̀rọ náà lè máa tan wáyà kí ó sì máa pa á fúnra rẹ̀. Èkejì ni kóònù, amọ̀ kékeré onígun mẹ́ta tí Hermann Seger ará Jámánì gbé jáde ní ọdún 1886. Bí ooru bá tó, orí rẹ̀ yóò tẹ̀. Kóònù 06 ń tẹ̀ ní nǹkan bí 1,000 dígírì. Kóònù sàn ju nọ́ńbà lójú ẹ̀rọ lọ ní ọ̀nà kan: amọ̀ ni òun náà, ó sì ń sọ ohun tí ooru àti àkókò jùmọ̀ ṣe sí amọ̀. Kí iléèwé lo méjèèjì pọ̀.

Fún ìsun àkọ́kọ́, kí a lo wákàtí méjì láti dé 100 dígírì, kí ìdérí ṣí díẹ̀ kí oru lè jáde. Lẹ́yìn náà, 100 dígírì ní wákàtí kan títí dé 600; lẹ́yìn ìyẹn, 150 ní wákàtí kan títí dé 1,000. Gbogbo rẹ̀ yóò gbà tó wákàtí mẹ́wàá. Bí wáyà bá ń jó ní kíkún láìdáwọ́ dúró ní gbogbo àkókò yìí, yúnìtì 57.5 ni yóò jẹ. Ṣùgbọ́n nítorí pé ẹ̀rọ ń pa á, ó ń tàn án, kì í tó bẹ́ẹ̀. Kí akápò fi iye owó yúnìtì kan sọ ọ́ di púpọ̀, yóò mọ ohun tí ìsun kan lè ná iléèwé. Títutù rẹ̀ yóò tún gba alẹ́ ọjọ́ kan gbáko. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe ṣí i kí ó tó rọlẹ̀ sí ìsàlẹ̀ 100.

ÀÀBÒ ÀWỌN ỌMỌ

Wáyà inú ìléru wà ní ìhòhò. Iná tí ó lè pa ènìyàn ni ó wà lára rẹ̀ nígbàkígbà tí súìṣì bá wà ní títàn. Nítorí náà, ìléru iléèwé gbọ́dọ̀ ní súìṣì tí yóò pa iná fúnra rẹ̀ bí ẹnikẹ́ni bá gbé ìdérí sókè. Férémù irin rẹ̀ gbọ́dọ̀ ní wáyà tí ó wọlẹ̀ dáadáa. Púlọ́ọ̀gì ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí a ń lò nílé kò gbà ju 13 ampere lọ, èyí tí kò ju 2,990 watt. Kí a má ṣe fi í kọ́ ìléru. Wáyà bàbà tirẹ̀ tí ó jẹ́ 6 mìlímítà ni kí ó ti ibi mítà wá tààrà, pẹ̀lú bírékà 32 ampere, kí oníṣẹ́ iná tí ó kọ́ṣẹ́ yanjú sì ni kí ó so ó.

Kí ìléru jìnnà sí ògiri ní sẹ̀ńtímítà 45, kí fèrèsé sì wà tí atẹ́gùn yóò gbà, nítorí pé èéfín tí a kò rí ń jáde lára amọ̀. Gíléèsì tí ó ní òjé nínú kò gbọ́dọ̀ wọ ọgbà iléèwé rárá, nítorí májèlé ni.

KÍ A TÓ DÁ OWÓ

Olúwa wa pa òwe ẹni tí ó fẹ́ kọ́ ilé ìṣọ́, tí ó yẹ kí ó kọ́kọ́ jókòó ṣírò. Ìbéèrè márùn-ún ni kí ẹgbẹ́ wa jókòó tì. Volt mélòó ni ó ń dé iyàrá iṣẹ́ ọnà, ní òwúrọ̀, ní ọ̀sán àti ní ìrọ̀lẹ́, bí a bá fi ẹ̀rọ wọ̀n ọ́n fún ọ̀sẹ̀ kan? Ǹjẹ́ wáyà iléèwé àti tiransífọ́mà lè gbé 25 ampere fún wákàtí mẹ́wàá? Olùkọ́ wo ni yóò jókòó ti ìléru láti òwúrọ̀ dé ìrọ̀lẹ́, ta ni yóò sì kọ́ olùkọ́ náà? Ta ni yóò máa san owó yúnìtì lẹ́yìn tí ayẹyẹ bá ti kọjá? Ǹjẹ́ a ti ra okùn wáyà méjì mìíràn sílẹ̀ fún ọjọ́ tí àwọn àkọ́kọ́ bá jó tán, nítorí pé dájúdájú wọn yóò jó tán?

Bí volt ibẹ̀ bá kéré ṣùgbọ́n tí kò burú jù, ẹ jẹ́ kí a kọ́ ìléru tí ó kéré, olókùn kan, kí bíríkì ògiri rẹ̀ sì nípọn. Bí ìdáhùn bá wà fún ìbéèrè márààrún, kí a dá owó, kí a sì kọ́ ọ láì fàkókò ṣòfò, nítorí ìdùnnú ọmọ tí ó kọ́kọ́ bu omi sínú ife tí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ mọ, tí ife náà kò sì jò, kì í ṣe kékeré. Bí ìdáhùn kò bá tíì sí, ẹ jẹ́ kí a fi owó ọdún yìí tún ọ̀nà iná iléèwé ṣe, kí ìléru dúró de ọdún tí ń bọ̀. Ẹ̀bùn ni ìyẹn náà, gbogbo kíláàsì ni yóò sì jàǹfààní rẹ̀.